A Kú Ewu Ìpadàbọ̀: Ọpẹ́ Àwa Tí A Lọ Kọ́ Ọmọ Lẹ́yìn Odi

Ẹ bá wa yọ̀ o, ẹ bá wa dúpẹ́. Àwa tí a lọ yọ̀ǹda ara wa ní ilé ìwé lẹ́yìn odi ti padà dé, orí pé, ẹsẹ̀ pé. Ewu iná kì í pa àwòdì. Àwọn tó ń kí wa pé "ẹ kú ewu ọ̀nà" rò pé inú bàálù ni ewu wà. Inú bàálù kọ́. Ewu ìpadàbọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í sì í tán títí èèyàn á fi lo oṣù mẹ́ta nílé. Ìdí nìyẹn tí ọpẹ́ wa fi gùn. A fẹ́ ka ohun tí Ọlọ́run yọ wá nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

A kọ́kọ́ dúpẹ́ lórí àwọn ọmọ kíláàsì. Olùyọ̀ǹda tó bá ń kọ́ni títí di ọjọ́ ìkẹyìn, tó wá gbé báàgì lọ́jọ́ kejì, wàhálà ló fi sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n kọ́ tó. Olùkọ́ tó gba kíláàsì náà kò mọ ibi tí wọ́n kà á dé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ la fi ń fa kíláàsì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, olùkọ́ ilé ìwé náà á máa wá jókòó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, òun ni yóò dúró níwájú pátákó, olùyọ̀ǹda á wà lẹ́yìn, á sì pa ẹnu mọ́. Pípa ẹnu mọ́ yìí ló le jù. Bí olùyọ̀ǹda bá ń dá sí ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ làwọn ọmọ á máa wò, olùkọ́ wọn kò ní rí àyè fìdí múlẹ̀.

Ìwé tí a fi ń fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́ kò yẹ kó ju ojú ewé mẹ́rin lọ, torí kò sẹ́ni tó máa ka ogójì. Ẹ kọ ojú ewé tí kíláàsì dé nínú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n ti kọ́ tí kò tíì yé wọn, àti ibi tí máàkì wọn wà. Inú rẹ́jísítà ilé ìwé ni kí máàkì wà o, kó má jẹ́ inú kọ̀ǹpútà yín tó ń bá yín lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí kò sí nínú rẹ́jísítà kankan. Ọmọ kan wà tó máa ń jókòó ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún ní ìlà iwájú, etí òsì nìkan ló fi ń gbọ́ràn. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì, ògiri ni etí tó ń gbọ́ yóò kọjú sí, wọn á sì máa pè é ní olódo. Ìlà kan péré la fi kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ó lè gba olùkọ́ tuntun ní odindi táàmù kó tó mọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ so bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ síwèé. Ímeèlì tàbí ètò orí kọ̀ǹpútà tí olùyọ̀ǹda bá ṣí fún ilé ìwé máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ, nítorí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni wọ́n ń fi kóòdù ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí. Tí líìnì yẹn bá ti kú, ilé ìwé kò lè wọlé mọ́. Ẹ pa nọ́ńbà náà dà sí ti ilé ìwé, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn gbìyànjú láti wọlé lójú yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ẹ ń lọ, kó má jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ má sọ pé "màá padà wá" tí kò bá sí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín. Àwọn ọmọ máa ń ka ọjọ́. Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà fóònù, kí gbogbo ìkíni gba ọwọ́ ilé ìwé. Fọ́tò tí ojú ọmọ hàn nínú rẹ̀, tí orúkọ ọmọ àti ti ilé ìwé sì wà lábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì.

A tún dúpẹ́ lórí ìwé ìrìnnà, nítorí àwọn kan sọ tiwọn nù nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra. Bó bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá la kọ́kọ́ ń lọ, torí ìwé tí wọ́n bá fún wa níbẹ̀ ni ẹ́mbásì máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà la ó kó fọ́tò, ẹ̀dà ojú ewé tí orúkọ wà àti tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ìwé pàjáwìrì tí wọ́n sábà ń fúnni, ìrìn àjò kan ṣoṣo ló wà fún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: òǹtẹ̀ físà bá ìwé àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ọjọ́ ìdúró yín kò tíì pé. Ẹ sì bi iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú bóyá orílẹ̀-èdè tí ẹ máa gbà kọjá ń gba ìwé pàjáwìrì.

Kódà bí kò bá sọnù, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà kí ìwé ìrìnnà tó kú. Ìwé ìwà rere látọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ibẹ̀, ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò. Wọ́n lè ní kí ẹ tẹ̀ka, títẹ̀ka láti ọ̀nà jíjìn sì máa ń fa gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o. Ìwé ẹ̀rí láti ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, iṣẹ́ tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ àti òǹtẹ̀. Ìwé tó kàn sọ pé "ó ṣiṣẹ́ dáadáa" kò wúlò fún agbanisíṣẹ́ kankan.

Tí ibà pọ́njú (yellow fever) bá wà níbi tí ẹ ti ń bọ̀, káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè di ohun tí wọ́n máa bèèrè lẹ́nu ibodè. Ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ láti oṣù keje ọdún 2016 ó ti di ti títí ayé. Ẹrù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: power bank kì í wọ inú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù, ọwọ́ la fi ń mú un. Ẹ̀bùn tí ó jẹ́ irúgbìn tàbí awọ ẹran, ẹ bèèrè òfin rẹ̀ kí àwọn aṣọ́bodè má bàa gbà á.

Ọpẹ́ tó tóbi jù, ti ìlera ni. Àwọn tó ti ibi tí ibà ẹ̀fọn wà dé máa ń da oògùn ìdènà nù ní pápákọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kòkòrò ibà máa ń kọ́kọ́ sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, doxycycline, ọ̀kan lára àwọn oògùn ìdènà náà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án níbẹ̀. Ó di ìgbà tí kòkòrò náà bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kí oògùn yìí tó pa á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i lẹ́yìn tí a ti kúrò. Atovaquone-proguanil, oògùn ìdènà mìíràn, ń bá a jà nínú ẹ̀dọ̀ pàápàá, nítorí náà ọjọ́ méje lẹ́yìn tí a ti kúrò ti tó. Ẹni tí wọ́n bí síbi tí ibà wà, tó wá pẹ́ níbi tí kò sí, kó má ṣe fọkàn tán ara àtijọ́: agbára tí ara fi ń bá ibà jà ti dín kù. Ibà èyíkéyìí láàárín ọdún kan, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ fún dókítà kó tó bèèrè, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Bí àyẹ̀wò kìíní kò bá rí nǹkan, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹni tó bá wẹ̀ lódò tàbí ládágún tí àtọ̀sí ajá (àrùn aràn tó ń ti inú omi wọ ara) wà, kó má sáré ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ kìíní. Ó máa ń tó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ẹyin aràn tó jáde nínú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́. Àyẹ̀wò tó bá tètè yá jù á sọ pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó wà.

Ti ọkàn ńkọ́? Ní ọdún 1963, tọkọtaya Gullahorn, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ̀wé pé ẹni tó padà sílé tún máa ń ṣe àjèjì lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni. Àwọn ará ilé á bèèrè pé "báwo lọ̀hún?", ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa fi gbọ́. Ẹ wá ẹni tó ti lọ rí, kí ẹ jọ máa sọ ọ́. Ẹ má sì gba iṣẹ́ tuntun lọ́sẹ̀ tí ẹ dé.

Ó ku lẹ́tà kan. Ká tó lo oṣù kan nílé la ń kọ ọ́ sí ilé ìwé, ẹyọ kan fún gbogbo kíláàsì, ká sọ pé a ti dé láyọ̀, ká sì dárúkọ ohun kan tí àwọn ọmọ náà kọ́ wa. A ti fi tiwa ránṣẹ́. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba.