Ibi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan: bí mo ṣe ń jẹun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àpòlúkù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí léèrè nípa oúnjẹ ti pọ̀ gan-an, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n yé dá a sọ fún wọn níkọ̀ọ̀kan.

Nínú iṣẹ́ abẹ àpòlúkù tí wọ́n máa ń ṣe kí ẹni tó sanra jù lè fọn, èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù kúrò, ohun tó ṣẹ́kù ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Oríṣi míì tí wọ́n ń pè ní bypass yàtọ̀ síyẹn, àpò kékeré kan ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ lókè tí wọ́n á wá so mọ́ ìfun. Apá tí wọ́n gé kúrò lára tèmi yẹn ló máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin, ìyẹn ohun tó ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi ti ń pa wá, ìdí nìyẹn tí ebi ò fi ní da èèyàn láàmú ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, èèyàn á jẹ ṣíbí mélòó kan, ó ti yó nìyẹn. Àmọ́ tó bá ti ń súnmọ́ ọdún kan, ebi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, àpò yẹn náà á ti rọ̀ díẹ̀, oúnjẹ tó ń gbà á ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ìlú tí oríkì ẹ̀ fúnra ẹ̀ dá lórí oúnjẹ: Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ìwé ìlànà oúnjẹ tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn dáa, mi ò ní bú u, àmọ́ búrẹ́dì, adìyẹ yíyan àti yoghurt ló kún inú ẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ òkèlè. Nígbà tí mo wá ń gbìyànjú láti tẹ̀ lé e nínú ilé, mo rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ní ká máa ṣe ló ta ko bí wọ́n ṣe tọ́ wa nídìí oúnjẹ, torí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ìkóra-ẹni-níjàánu nìkan lẹ nílò, kò tíì jókòó nídìí àwo àmàlà pẹ̀lú àwọn àgbà.

Ẹ wo jíjẹ lẹ́nu. Wọ́n ní kéèyàn jẹ oúnjẹ kó kúnná dáadáa kó tó gbé e mì, kó lo bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n nídìí ẹ̀. Ta ló ń jẹ àmàlà lẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá? Gbígbé mì ni, ọbẹ̀ ló ń sìn ín lọ. Àpòlúkù tí wọ́n ti gé ò lè gba irú ẹ̀ mọ́, òkèlè tó bá tóbi á há, àyà á máa dunni, itọ́ á máa dà lẹ́nu, ó tún lè di èébì. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé láfún tàbí àmàlà tí mo bá bù, díẹ̀ báyìí ni, inú àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi ń gbé ife tíì ni mò ń bù ú sí, òkèlè kọ̀ọ̀kan ò ní ju ekùrọ́ lọ, màá sì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ó kọ́kọ́ ń ṣe mí bákan, kò ládùn kankan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi gbẹ̀gìrì tàbí ẹ̀fọ́ tó ki jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹran ló wá le jù. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí, ẹran la fi ń kẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sẹ́ran kó tó fọwọ́ kan òkèlè, wọ̀bìà lorúkọ ẹ̀, ojú tí màámi máa fi wò ó nìkan ti tó o. A ó jẹ òkèlè tán, a ó lá ọbẹ̀ tán, ká tó wá mú ẹran yẹn dání ká máa rọra gé e jẹ lọ síta. Dókítà wá ní purotéènì ni kó kọ́kọ́ wọlé, ẹja, ẹran, ẹyin, ẹ̀wà, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, kí òkèlè wá kẹ́yìn tí àyè bá ṣì wà. Ìdí ẹ̀ ni pé àyè tó wà níbẹ̀ kéré, tí òkèlè bá ti gbà á tán, ẹja ò ríbi wọ̀ mọ́, ara tó bá sì ń jò láìrí purotéènì, ẹran ara gan-an ló máa ń jẹ mọ́ ọ̀rá, agbára á dín kù, irun tó máa ń já láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà á tún wá já ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jókòó síwájú ìyá ọkọ yín kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú ẹja inú àwo ná, kẹ́ ẹ wò ó! Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá Màmá kí oúnjẹ tó délẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní "Mà, ẹja yìí ti di oògùn mi o, òun ni wọ́n ní kí n máa kọ́kọ́ lò." Bí mo ṣe pè é lóògùn báyẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní báyìí àwọn fúnra wọn ló máa ń bu ẹja sọ́tọ̀ fún mi, wọ́n á ní "ìyàwó mi, lo oògùn ẹ ná." Ẹ bá àwọn ará ilé yín sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí àwo bá ti dé iwájú yín.

Omi náà ńkọ́, wọ́n ní ká má mu ún mọ́ oúnjẹ, kó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀ ká tó mu ún. Èmi ò kì í gbé ife sórí tábìlì rárá, ó tán. Ṣùgbọ́n láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó yẹ kó tó lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́, oòrùn ọ̀dọ̀ wa níbí kì í ṣeré.

Wàyí o, ohun tó ń dá ọ̀rá padà sára. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àmàlà ni. Mo ti rí i lára àwọn tá a jọ ṣe é, àwọn oúnjẹ tó ń yọ̀ wọlé ni. Ẹ gbọ́ mi yé o. Ẹran àti ẹ̀wà máa ń jókòó sínú àpò yẹn, èèyàn á mọ̀ pé òun ti yó. Àmọ́ puff-puff, bisikíìtì, ṣin-ṣin, gàrí tí wọ́n da ṣúgà sí, ice cream, mínírà, mọ́ọ̀tì, gbogbo wọn ló ń yọ́, wọ́n á ṣàn kọjá, àyè á tún ṣí sílẹ̀, èèyàn á tún bù sí i. Arábìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, ó láwo oúnjẹ òun kéré, òótọ́ sì ni, ó kéré, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, ike ṣin-ṣin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń tọwọ́ bọ̀, kò sì jókòó jẹun kan lọ́jọ́ náà tá a lè pè lóúnjẹ. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí, torí ẹran ń há a, ṣin-ṣin ò há a, ara ló ń wá ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Tó bá jẹ́ bypass lẹ ṣe, ṣúgà tún lè fìyà jẹ yín lójú ẹsẹ̀, àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò yín, inú á máa rú, dumping ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ṣe àwa tá a ṣe sleeve náà nígbà míì.

Torí náà, èmi ní àsìkò oúnjẹ, tí kò bá tíì tó àsìkò, omi ni. Tí ebi bá wá dé lóòótọ́, wàrà ni mò ń jẹ. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ oore tí Ọlọ́run ṣe wá o! Àwọn obìnrin Fúlàní máa ń gbé e wọ ọjà láti gáà, ẹ lọ sí Ọjà Igbó láàárọ̀, ẹ̀ẹ́ rí i nínú igbá, omi ẹ̀ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn kan funfun báláú, àwọn kan pupa nítorí ewé ọkà bàbà tí wọ́n fi pa á láró. Ẹ má dín in, ẹ sè é sínú ọbẹ̀ ata, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ó rọ̀, kì í há, owó ẹ̀ ò sì tó ti ẹran. Wọ́n ní kí purotéènì ó kéré tán tó gíráàmù 60 lójúmọ́, ẹyin kan ò ju bíi 6 lọ, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí i pé kò lè ṣẹlẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ẹja àti ẹyin sí, tí epo ẹ̀ ò pọ̀, òun náà dáa gan-an.

Òde ìnáwó: mo máa ń jẹun nílé kí n tó lọ. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi, mi ò ní kọ̀ ọ́, ìwọ̀sí ni, màá dúpẹ́, màá jẹ ẹran ibẹ̀, màá ní kí wọ́n bá mi di ìyókù sínú ọ̀rá. Ohun tó máa ń dùn mí ni "háà, o mà ti rù o, ṣé kò sí?" Àwọn kan á tiẹ̀ fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bèèrè àìsàn tó ń ṣe yín. Ọ̀pọ̀ ló ti padà sídìí jíjẹ àjẹjù nítorí ọ̀rọ̀ báyìí, kí àwọn èèyàn lè yé ṣàánú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á tẹ́ ò ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ má sọ ọ́ sí wa.

Lílo fítámì àtàwọn èròjà míì ò ní ìparí, títí ọjọ́ ayé ni: B12, iron, calcium, vitamin D. Ẹ má lo iron àti calcium pọ̀, ẹ fi bíi wákàtí méjì sáàárín wọn, ẹ má sì fi tíì gbé iron mì, kò ní jẹ́ kó wọ ara. Tí èébì bá ń bá yín fà á lójoojúmọ́ tí ò dáwọ́ dúró, ẹ má jókòó sílé máa mu àgbo, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, torí fítámì B1 lè tán lára, ó sì lè ba ọpọlọ àti iṣan ara jẹ́ kíákíá.

Lóṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa gba ẹ̀jẹ̀ mi. Tí èsì bá jáde, màá kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípa iron síbí, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi mí nípa ẹ̀, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn máa ń pọ̀ pàápàá.