Rímù ẹ̀yìn kan ń gbóná? Ẹ wo kálípà

Tí rímù ẹ̀yìn kan bá gbóná gan-an tí èkejì ò gbóná, ẹ má tíì ra pádì bíréèkì, ẹ wò ó bóyá kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún pádì mọ́ dísìkì bíréèkì, ló há. Nínú mọ́tò tó ti pẹ́, pín-ìn tí kálípà ń rìn lórí ẹ̀ ló sábà máa ń dípẹtà, ẹ yọ ọ́, ẹ ha á títí á fi dán, kẹ́ ẹ fi gírísì sílíkónì pa á, kì í ṣe gírísì lásán o, ìyẹn lè jẹ́ kí rọ́bà ara pín-ìn wú, á sì tún há. Písítìnì inú kálípà, ìyẹn irin tó ń ti pádì, tí hánbíréèkì náà ń tì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fipá tì í wọlé, púpọ̀ nínú wọn ńṣe là ń yí wọn wọlé bíi nọ́ọ̀tì, ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá fipá ba kálípà tó ṣì dáa jẹ́.