Instamatic 300: ojú rẹ̀ ṣì ń ríran

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lára kámẹ́rà àtijọ́ mi ti dé ibi tó ń dùn mọ́ mi. Mo ti gbọn eruku ara Kodak Instamatic 300 tí mo rà ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta dànù, mo ti fi aṣọ rírọ̀ nu lẹ́ńsì rẹ̀. Ìyẹn ò le. Èyí tó gbà mí lọ́kàn ni ojú tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀.

Ọdún 1963 ni Kodak gbé àwọn Instamatic jáde pẹ̀lú fíìmù 126 tó ń gbé inú kátíríìjì oníke. Ẹ óò kàn ti kátíríìjì náà bọ ẹ̀yìn kámẹ́rà ni. Tó bá tán, kò sí pé à ń ká a padà. Instamatic 100 ò mọ oòrùn yàtọ̀ sí òjìji, ṣùgbọ́n 300 tèmi ní sẹlíníọ̀mù níwájú, òun ni ojú tí mo ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i ló ń di iná mànàmáná, iná yẹn ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń pinnu bí ihò lẹ́ńsì ṣe máa fẹ̀ tó. Kò béèrè bátìrì fún ìyẹn rárá! Ṣùgbọ́n sẹlíníọ̀mù a máa kú tó bá ti pẹ́, pàápàá tí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́.

Mo gbé e lọ bá bàbá onífọ́tò kan ní Ìtòkú, kí n lè dán ojú náà wò. Tí fíìmù ò bá sí nínú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, torí pé pín-ìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn tó gbọ́dọ̀ kọ́ ihò etí fíìmù. Igi ìtayín ni mo fi ti pín-ìnnì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀, mo kọjú lẹ́ńsì sí àdìrẹ tí wọ́n sá sóòrùn, mo tẹ̀ ẹ́: ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ò ju orí ìṣáná lọ. Mo yí i sínú ṣọ́ọ̀bù, mo tún tẹ̀ ẹ́: ihò náà là gbàràgàdà.

"Ẹ wò ó, Bàbá."

"Ojú ẹ̀ ṣì là, ọmọ mi. Tọ́jú ẹ̀ o."

Inú mi dùn kọjá àfẹnusọ.

Ó wá ku fíìmù. Kodak ti dá 126 dúró láti 1999, nítorí náà mo wé fíìmù 35mm sínú kátíríìjì àtijọ́ kan nínú òkùnkùn, mo sì fi téèpù dúdú dí fèrèsé ẹ̀yìn kámẹ́rà. Fífẹ̀ wọn dọ́gba. Àmọ́ ihò kan ṣoṣo ni 126 ní fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ti 35mm tò lọ bẹẹrẹbẹ ní etí méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ni pín-ìnnì sì máa ń kọ́. Àfi kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́ńsì, kí n máa tẹ̀ ẹ́, kí n máa yí i, títí ibi tí mo ti yà á tẹ́lẹ̀ yóò fi kọjá. Àwọn ihò náà á hàn létí fọ́tò, kò sì burú lójú mi.

Orí Olúmọ ni mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn náà màá ya inú ihò àpáta, kí n lè mọ̀ bóyá ojú náà ń wọn ibi méjèèjì bó ṣe yẹ.