Aago katakata mi ń parọ́

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni aago tó ń ka eré ẹ́ńjìnì katakata mi fi parọ́ fún mi lóko, lọ́nà Ìkòyí, níbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ́ńjìnì ń ké tantan, aago ní ìyípo 900 péré ní ìṣẹ́jú kan! Mo ti ń wówó aago tuntun. Bàbá mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín: "Má tíì náwó o, ọmọ mi." Àṣé ara alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún katakata, ni aago tèmi ti ń gba iye tó ń kà. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì tó ń yí alternator, ó rì wọlé bọ̀ọ̀. Ó ti dẹ̀, ó ń yọ̀! Wọ́n fà á le, wọ́n fi sáńpépà ha orí wáyà kékeré ẹ̀yìn alternator tó ti dógùn-ún. Mo ṣáná, ọwọ́ aago gòkè, ó dúró jẹ́ẹ́. Àmàlà àti N2,000 ni Bàbá gbà.