Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ sáfẹ́tì ní Kwara, ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ìjọba

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ sáfẹ́tì, ìyẹn ààbò níbi iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí àgbákò. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ fi ìmọ̀ tá a ní ran ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ a ò mọ ibi tá a máa gbà wọlé, tá a bá sì wọlé tán a ò mọ ohun tá a máa sọ.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ọdún 13 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ sáfẹ́tì. Ohun tó gbé mi dìde ni bíríkìlà kan tó já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ kíláàsì ilé ìwé ìjọba, lọ́nà Àjàsẹ́-Ìpo. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ń lọ sílé, mo rí èrò, mo ní kí onímọ́tò já mi sílẹ̀. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún 20. Pákó tó dúró lé lókè, igi méjì tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ra lásán ni wọ́n gbé e lé, kò sí igi ìdábùú kankan tó lè dì mú, kò sí háámẹ́ẹ̀tì, itan ẹ̀ ló kán. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni wọ́n gbé e lọ, ewúrẹ́ màmá ẹ̀ ni wọ́n tà fi sanwó. Bẹ́ẹ̀ òfin wà o, láti 2010 ni Employees' Compensation Act, òfin ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1% owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yẹn, kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tó bá fara pa, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìjàǹbá tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá bíríkìlà fúnra ẹ̀ ò gbọ́ orúkọ NSITF rí.

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń kọ́ ilé yẹn, ọmọ tálákà ló já bọ́ lórí ẹ̀, kò sì sí ìwé kankan níbì kankan tó máa sọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó fẹ́ bá ìjọba wọ̀jà. Èmi àti àwọn méjì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó, a kọ ìwé tó tó ojú ewé 46, a ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara ṣe òfin ààbò níbi iṣẹ́, òfin tó máa kan ilé iṣẹ́ gbogbo, sọ́míìlì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ilé búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ pátá. A ṣe fótókọ́pì ẹ̀, a pín in káàkiri ọ́fíìsì. Oṣù 7, kò sẹ́ni tó pè wá. Mo máa ń lọ, wọ́n á ní fáìlì ti lọ sókè, mo tún máa lọ, wọ́n á ní ọ̀gá ò sí nílé.

Alhaja kan ló là mí lójú, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ó rí mi tí mo jókòó sí kọ́rídọ̀ fún ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ kan, ó pè mí wọlé, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jókòó. Mo ti ka ìwé yín, ó dáa, àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ń béèrè yìí ò sí lọ́wọ́ wa?" Ló bá mú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 jáde, ó ṣí i sí ẹ̀yìn níbi tí wọ́n to àwọn nǹkan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan sí, ó fi ìka lé nọ́ńbà 34. Iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, títí kan ààbò àti ìtọ́jú òṣìṣẹ́, Àbújá ló ni í. Ìdí nìyẹn tí Factories Act, òfin tó wà fún ààbò nílé iṣẹ́, fi jẹ́ òfin àpapọ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò wá láti Ministry of Labour ti ìjọba àpapọ̀. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ṣì ń gbé kiri dòní: "Èwo ló wà lọ́wọ́ ìjọba Kwara tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe?"

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Nítorí nǹkan wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ o, ó pọ̀. Panápaná wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé wà lọ́wọ́ wọn. Ilé ìwé ìjọba, ọsibítù ìjọba, ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe, gọ́tà tí wọ́n ń gbẹ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún kọngílá, àwọn ló sì ń kọ àdéhùn. Ìpínlẹ̀ náà fúnra ẹ̀ sì jẹ́ agbanisíṣẹ́, òfin 2010 yẹn ò yọ òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, àfi ṣójà. Ẹ wo Èkó, wọ́n wá ọ̀nà tiwọn, wọ́n fi òfin gbé Lagos State Safety Commission, àjọ ààbò ti ìpínlẹ̀ wọn, kalẹ̀ ní 2011. Mi ò ní ká ṣe bíi tiwọn, apá wa ò tíì ká a, àmọ́ ó fi hàn pé àyè wà.

Èmi wá mú àdéhùn kọngílá. Mo fẹ́ ṣàlàyé eléyìí dáadáa nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ìjọba bá gbé iṣẹ́ síta, wọ́n á fún àwọn kọngílá ní BOQ, ìwé tí wọ́n to gbogbo nǹkan sí, bulọ́ọ̀kù mélòó, sìmẹ́ńtì mélòó, kálukú á wá kọ iye tiẹ̀ sí i. Ẹni tí owó ẹ̀ kéré ló sábà máa ń rí iṣẹ́ gbà. Tí sáfẹ́tì ò bá ní ìlà tiẹ̀ nínú ìwé yẹn, kọngílá tó bá fẹ́ ra háámẹ́ẹ̀tì, tó fẹ́ to pákó ìgùn tó dáa, owó tiẹ̀ á ga ju ti ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan lọ, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan yẹn ló sì máa wọlé. Ìwé yẹn ló ń lé kọngílá tó ní àánú òṣìṣẹ́ jáde. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Àwa á máa pariwo pé kọngílá ò bẹ̀rù Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n gbà pín iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run rí iṣẹ́ ṣe.

A wá da ojú ewé 46 nù. Ojú ewé 2 péré la kọ. Èkíní, ìlà mélòó kan tí wọ́n lè kó bọ́ inú BOQ bó ṣe wà: pákó ìgùn àti igi ìdábùú, háámẹ́ẹ̀tì àti bàtà, àpótí oògùn ìtọ́jú pàjáwìrì, ìwé ẹ̀rí pé kọngílá ń san owó NSITF, kí iye owó ìlà wọ̀nyí jẹ́ kan náà fún gbogbo ẹni tó ń du iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè gé e láti fi wọlé. Èkejì, iye tó máa ná wọn lórí kíláàsì mẹ́ta, a lọ sọ́jà lọ béèrè iye gbogbo ẹ̀ fúnra wa, a kọ ọ́ bá a ṣe gbọ́ ọ. Quantity surveyor kan, ẹni tó ń ṣírò iye tí ilé kíkọ́ máa ná, tó jẹ́ ọmọ Òmù-Àrán bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó má bàa di pé a kọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ dáírẹ́kítọ̀ ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń gbé iṣẹ́ fún kọngílá ni mo gbé e lọ, mi ò lọ bá kọmíṣọ́nnà. Ọnọ́rébù àti kọmíṣọ́nnà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ìbò á tún dé, dáírẹ́kítọ̀ ló ń jókòó ti fáìlì, òun ló mọ àdéhùn tó ń bọ̀ àti ìgbà tó ń bọ̀. Ẹ sì fọkàn sí àsìkò: tẹ́ ẹ bá ti gbé nǹkan tó ní owó nínú lọ ní oṣù kìíní ọdún, ó ti pẹ́, wọ́n ti ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì tán. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ló dáa jù, ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá pe ará ìlú sí ìpàdé lórí òfin tàbí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ, ẹ mú ìwé dání, nítorí ohun tẹ́ ẹ bá fi ẹnu sọ nìkan, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ.

Wọ́n ní ká fi hàn pé ìjàǹbá ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ le. Òfin FOI ti 2011, èyí tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, fún wa láṣẹ láti kọ ìwé kí wọ́n dá wa lóhùn láàárín ọjọ́ 7, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà, àmọ́ kí lẹ máa béèrè nígbà tí kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀? La bá lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fúnra wọn. Ìpàdé ẹgbẹ́ bíríkìlà ní Ọ̀fà ni mo kọ́kọ́ lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá alága, mo ṣàlàyé ara mi, mo ní mi ò wá bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Bàbá ní kí ẹni tó bá ti já bọ́ rí nawọ́ sókè. Mi ò ní gbàgbé ọwọ́ tí mo rí lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà la ti ń kọ ọ́ sínú ìwé, ọjọ́, ìlú, irú iṣẹ́, ohun tó já tàbí tó wó, a kì í kọ orúkọ èèyàn. Sẹ́kírítírì ẹgbẹ́ ló ń bá wa kọ ọ́ lédè Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é lápá àríwá ìpínlẹ̀, ẹ rántí pé Nupe ni wọ́n ń sọ ní Patigi, Baatonu ni wọ́n ń sọ ní Baruten, ẹ má gbé ìwé Yorùbá lọ bá wọn.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ bó tilẹ̀ máa dun àwọn kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ́fíìsì yẹn gbà, ọ̀kan nínú wa lọ bá wọn lẹ́yìn pé òun lè máa kó háámẹ́ẹ̀tì wá fún wọn. Dáírẹ́kítọ̀ gbọ́, ojú ẹ̀ yí padà sí gbogbo wa, oṣù 4 ló gbà ká tó rí ojú ẹ̀ padà. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kéèyàn tajà, àmọ́ ẹni tó bá ń bá ìjọba kọ ìlànà ò gbọdọ̀ jẹ ẹni tó máa tajà sínú ìlànà yẹn. A kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i, pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní gba iṣẹ́ tàbí owó tréníìnì lọ́wọ́ ọ́fíìsì tá a bá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tún sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ibòmíràn ló ti máa gbọ́.

Wọ́n gbà á níkẹyìn. Ìlà 6 nínú 9 tá a kọ ni wọ́n kó wọ inú àdéhùn ọ́fíìsì kan ṣoṣo, wọ́n yọ ìlà NSITF kúrò, wọ́n ní àwọn kọngílá kéékèèké ò ní lè tẹ̀ lé e. Ó dùn mí, nítorí ìlà yẹn ni ì bá tọ́jú ọmọ yẹn. A ti kọ ọ́ padà, a ní kí wọ́n fi ti iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ ná. Wọn ò tíì fèsì.

Ti káńsù ló kù báyìí. Káńsù 16 ló wà ní Kwara, àwọn náà ń gbé iṣẹ́ fún kọngílá, àdéhùn tiwọn ò sì ní ìlà kankan fún sáfẹ́tì nínú èyí tá a ti rí. A ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀fà. Ẹni tó bá wà ní Òmù-Àrán, ní Òkè-Òdè, ní Ìlọ́fà, tó sì lè yọ Sátidé kan sílẹ̀ lóṣù, ojú ewé 2 yẹn wà lọ́wọ́ mi, màá fi ránṣẹ́ sí i.