Bilitis tí ò sí láyé rí

Ní Paris tí mo wà yìí, tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdè mo máa ń lọ kọ́ orin lọ́dọ̀ màdáàmù kan, torí inú kúáyà ni mo dàgbà sí. Orin tó kọ́kọ́ kọ́ mi, ti Debussy, olórin Faransé kan, ni, La flûte de Pan (fèrè Pan, òrìṣà Gíríìkì kan), ọ̀kan nínú mẹ́ta tó ń jẹ́ Chansons de Bilitis, ẹnì kan ló ń kọ ọ́, píánò ń gbè é, ó tán. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí itan ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀, ìyẹn ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè, fèrè di ẹnu-ko-ẹnu, ilẹ̀ ṣú, ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, lọmọ bá ní màámi ò ní gbà láéláé pé bẹ́líìtì tó sọnù ni mo ń wá látìgbà yìí. Ẹ̀rín pa mí! Àwáwí tiwa nílé ni pé èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi.

Mo ní ta ni Bilitis? Òǹkọ̀wé Faransé kan, Pierre Louÿs, ló gbé ewì ọ̀hún jáde ní 1894, ó ní Bilitis, obìnrin Gíríìkì kan láyé Sappho, akéwìbìnrin àtijọ́ nì, ló kọ ọ́, òun kàn túmọ̀ ẹ̀ ni, ó tiẹ̀ ní wọ́n ti hú sàréè ẹ̀. Irọ́ funfun báláú! Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́.

Orin Gíríìkì àtijọ́ tó jẹ́ ojúlówó wà o. Ní 1893 àwọn Faransé tó ń walẹ̀ ní Delphi nílẹ̀ Gíríìsì rí orin Apollo, òrìṣà Gíríìkì, tí wọ́n fín sára òkúta, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì orin lórí ẹ̀, Fauré, olórin Faransé míì, sì kọ ohun èlò tó ń gbè é ní 1894. Ibi tó ti mú mi nìyí: èdè Gíríìkì àtijọ́ ní ohùn òkè bíi tiwa, orin yẹn sì ń tẹ̀ lé e, ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá ti ga, orin kì í sábà já wálẹ̀ níbẹ̀. Mo rántí Ìyá àgbà, tí kúáyà bá ti fi ohùn Òyìnbó kọ híìmù tí ọkọ di ọkọ̀, wọ́n á ní "kí lẹ ń wí gan-an?"

Roussel, olórin Faransé, náà fi ewì Anacreon, akéwì Gíríìkì àtijọ́, kọrin ní 1926, ó dùn, àmọ́ èyí tí akéwì Leconte de Lisle túmọ̀ sí Faransé ló lò, ohùn Gíríìkì ti bá ibẹ̀ lọ.

Mo bẹ màdáàmù pé kó jẹ́ ká fi Bilitis sílẹ̀ ká mú ti Apollo, ó ní ó dìgbà tí mo bá pe flûte láìsọ ọ́ di fúlúùtù.