Àádọ́jọ Yáàdì Láàárín Ọdẹ Méjì

Ní ìlú tí wọ́n bí mi sí ní Òkè-Ògùn, bí ọdẹ bá pàdé ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú igbó, kíkí ni ó kọ́kọ́ máa ń kí i. “Àrìnpa o!” ni ọ̀kan yóò wí, èkejì yóò sì dá a lóhùn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan. Ẹni tí ó bá rí ọdẹ lókùnkùn tí kò fọhùn, ẹranko tàbí olè ni wọn yóò pè é, ìbọn sì ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣà yìí ni mo gbé dé ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, òun náà ni ó sì dójú tì mí ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ lórí ilẹ̀ ìjọba.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó mú mi lọ sí àbàtà kan ní etíkun, ní ìlà-oòrùn Houston. Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí ọkọ̀ ti tò sí ẹnu géètì, olúkúlùkù jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wọ inú omi, ó dé orúnkún mi, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń di bàtà rọ́bà mi mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí n lọ. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í to ère pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ń tan ẹyẹ sójú omi. Bí mo ti gbójú sókè báyìí, mo rí iná kékeré kan ní iwájú wa, ó tàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì kú. Mo rò pé wọ́n ń pè mí ni. Mo tan iná orí mi, mo wọ́dò lọ sí ọ̀dọ̀ wọn láti lọ kí wọn.

Kí n tó dé ibẹ̀, ojú omi dàrú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n ti sùn sí iwájú ibùba wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹ́ wọn ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa aṣọ ya, gbogbo wọn sì kọrí sí òkun. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí láàárín esùsú, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, àti ajá dúdú kan tí omi ń kán lára rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi, kò sì dáhùn ìkíni mi. Iye kan ṣoṣo ni ó dá lẹ́nu: 150. Mo kọ́kọ́ rò pé owó ni ó ń bèèrè, mo sì ti ń ṣírò nínú ọkàn mi bóyá 150 dọ́là ni wọ́n máa ń san fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kí ọ̀rẹ́ mi tó sáré dé, tí ó bẹ̀ ẹ́, tí ó sì fà mí lápá padà.

Ohun tí bàbá náà ń sọ ni àlàfo. Ní àwọn ilẹ̀ ààbò ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ ń bójú tó ní etíkun yẹn, irú bíi Anahuac àti McFaddin ní Texas, àti Sabine ní Louisiana, òfin ni pé ikọ̀ ọdẹ kan kò gbọdọ̀ súnmọ́ òmíràn débi tí àárín wọn kò fi ní pé 150 yáàdì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 137, tí ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Iná tí mo rò pé ó ń pè mí, ohun tí ó ń sọ ni pé, “Ènìyàn ti wà níbí, ẹ yà síbòmíràn.” Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ni wọ́n gbé àmì iná yìí kalẹ̀ láàárín ara wọn. Iye tí ó wà nínú òfin kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí i, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wọn ilẹ̀ sí ibùba tí kò rí.

Kí òye ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi, mo ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, igbó kì í wà láìní ẹni tí ó ni ín. Bí kò bá jẹ́ ti ìdílé kan, a jẹ́ ti ìlú, bí kò bá sì jẹ́ ti ìlú, a jẹ́ igbó ọba tí fọ́rẹ́sítì gáàdì ń ṣọ́. Ọdẹ àlejò tí ó bá fẹ́ wọ igbó wa yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Olúọdẹ pẹ̀lú obì àti ọtí, wọn yóò bi í léèrè ibi tí ó ti wá àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó nàka sí apá ibi tí ó lè gbà. Ní àbàtà Texas, gbogbo ènìyàn ni ó ni ilẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó lọ kí. Ọdẹ ti ra ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, ó ti gba àfikún rẹ̀ fún ẹyẹ aṣíkiri, ó sì ti ra òǹtẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti ìjọba àpapọ̀ ní 25 dọ́là. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ta òǹtẹ̀ yẹn, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ra àbàtà tí wọ́n ń pa mọ́ fún ẹyẹ. Ẹ̀tọ́ èmi tí mo ti òkè òkun dé kò kéré sí ti ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti ń ṣọdẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ni ojú ibẹ̀ fún òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí ó bá ń lọ sílé, yóò kó ère rẹ̀ àti èèpo ọta rẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa ibẹ̀ mọ́ de ọ̀la.

Èmi kò mọ iye yáàdì kankan nígbà tí mo ń tẹ̀lé bàbá mi lọ sóko ọdẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, ní oríta tí ọ̀nà ti pín sí ọ̀nà igbó, bàbá mi a máa ṣẹ́ ẹ̀ka igi, yóò tẹ orí rẹ̀ sí apá ibi tí a gbà, ẹni tí ó bá sì dé lẹ́yìn wa yóò wo ewé náà bóyá ó ṣì tutù tàbí ó ti rọ, kí ó lè mọ̀ bóyá a ti pẹ́ tí a kọjá. Bí ó bá ṣì tutù, yóò gba ọ̀nà kejì. Odò ni ààlà wa, tàbí àpáta, tàbí igi ìrókò kan tí gbogbo ọdẹ ìlú mọ̀. Kí a tó kúrò nílé rárá ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń yanjú, nítorí ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọdẹ a ti sọ fún ara wọn ẹni tí yóò gba apá odò àti ẹni tí yóò gba apá òkè. Ibi tí ètò yìí ti máa ń fọ́ ni ọdẹ òru, bí ẹnì kan bá yí ìpinnu rẹ̀ padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbọn ṣakabùlà kò mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí ojú ẹtu bí iná bá tàn sí i, kò sì sí abúlé ọdẹ tí kò ní ìtàn ẹnì kan tí wọ́n gbé padà wálé báyìí.

Ọ̀rọ̀ ewu náà wà nínú 150 yáàdì yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ìbọn tí wọ́n fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ a máa fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká. Láti ọdún 1991 ni òfin ti ka òjé léèwọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà fún ọdẹ ẹyẹ omi, nítorí pé àwọn ẹyẹ ń gbé e mì nínú ẹrẹ̀, ó sì ń pa wọ́n; irin ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lò báyìí. Bí ẹyẹ bá ti jìnnà ju nǹkan bíi 40 yáàdì lọ, ọdẹ tí ó mọṣẹ́ kì í yìn ín, torí ọgbẹ́ lásán ni yóò dá sí i lára. Ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n yìn sókè lè kọjá 200 yáàdì kí ó tó balẹ̀. Mo ti jókòó nínú ibùba tí ó jìnnà sí ti ẹlòmíràn tó bí òfin ti wí, tí ọta irin ń rọ̀ sórí fìlà mi bí ọkà bàbà tí ẹnì kan ń gbọ̀n dànù. Kò dunni rárá, agbára rẹ̀ ti tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ra awò ojú. Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa àwọn ọdẹ tí ó wà nísàlẹ̀.

Ìyókù àlàfo náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé iye lásán kò tó. Pẹ́pẹ́yẹ kì í fi ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ balẹ̀. Ó máa ń yí po lókè, yóò bọ́ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, yóò wá kọjú sí i, yóò sì na ẹsẹ̀ bọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ ni yóò kọ́kọ́ rí ẹyẹ tí ère rẹ ti fà láti ọ̀nà jíjìn, bí ó tilẹ̀ fi 160 yáàdì jìnnà sí ọ. Kò rú òfin kankan, ẹ̀ṣọ́ kò lè mú un, síbẹ̀ gbogbo ọdẹ ibẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ ni ó dúró sí. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a máa ń gbé sójú tí yóò sì sọ iye yáàdì tí ó wà láàárín ẹni àti ohun tí a ń wò, ṣùgbọ́n bí a bá dé àbàtà, koríko ni ó máa ń kọ́kọ́ já jù sókè láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ó tó yọ ẹ̀rọ náà lápò.

Àwọn ará ilé a máa bi mí léèrè èwo ni ó sàn jù. Bí ó bá jẹ́ ti àjèjì, 150 ni mo fara mọ́, nítorí kò bi mí léèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kò sì wo ahọ́n mi. Àlejò ìlú wa kì í rí irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, kí a má tan ara wa; apá ibi tí ẹran kò sí ni Olúọdẹ sábà máa ń nàka sí fún un. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kan àtàrí ní ìlú wa tí ọdẹ kan kò tíì dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní àbàtà yẹn, èmi àti bàbá tí ó lé mi padà ti jọ wà lórí omi kan náà fún ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ láti ìgbà náà, mo mọ ohùn fèrè tí ó fi ń pe ẹyẹ, mo mọ ajá rẹ̀, n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ní oṣù Kìn-ín-ní tí ó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin ni a jọ lọ. Òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá ní òru, afẹ́fẹ́ sì mú. Bí a ti gun orí ògiri ilẹ̀ tí wọ́n mọ láti dá omi dúró, iná tàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú esùsú. Mo tan tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo pa á, láti fi hàn pé mo ti rí wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ wa lọ sí apá gúúsù. Nígbà tí a ka 150, ọmọ mi sọ àpò ère sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo já koríko, mo jù ú sókè. Ó gba iwájú mi kọjá, ó fò lọ sí gúúsù, ibi tí ọmọ mi dúró sí.

“Dádì, ẹ ní 150 ni,” ni ó wí.

Mo ní 150 ni lóòótọ́, kí ó gbé àpò náà. A sọ̀ kalẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn, a sì wọ́dò lọ títí a fi kúrò lójú ọ̀nà ẹyẹ wọn. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí a tó to ère tán.